Ẹ Béèrè, A Dáhùn: Iná àti gáàsì fún ewéko inú gíláàsì ẹja

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olóòtú. Gíláàsì ẹja mi gùn ní sẹ̀ǹtímítà 60, ó fẹ̀ ní 30, omi rẹ̀ sì ga ní 30. Fúlọ́ọ̀dù LED 50 wáàtì ni mo gbé lé e, aago 7 àárọ̀ títí di 7 alẹ́. Ọbẹ̀dò ti bo gbogbo ewé. Wọ́n ní gáàsì CO2 tí ewéko ń lò ni kò tó, ni mo bá po ṣúgà àti yíìsì kún inú ike, mo sì fi rọ́bà tẹ gáàsì rẹ̀ wọnú omi. Ọjọ́ kejì, omi funfun bí omidùn, àwọn ẹja sì ń yanu lójú omi ní ìdájí. *Òǹkàwé, Òkè-Fìà*

Ìdáhùn: Iná ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ dín kù, gáàsì lè dúró ná. Omi yín jẹ́ lítà 54 (60 × 30 × 30 ÷ 1,000). Ewéko tí kò le tọ́jú kò fẹ́ ju nǹkan bíi lumen (ìwọ̀n ìmọ́lẹ̀) 20 lọ fún lítà kan, ìyẹn 1,080. Gílóòbù LED 12 wáàtì kan á ṣe é. Fúlọ́ọ̀dù yín á tó lumen 4,000. Bí iná bá pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí gáàsì àti oúnjẹ ò tó, ewéko á dúró sójú kan, ọbẹ̀dò tí díẹ̀ tó á máa gbilẹ̀. Ẹ ra gílóòbù tí wọ́n kọ 6500K sí lára páálí rẹ̀, ẹ gbé e kọ́ ní sẹ̀ǹtímítà 20 sókè omi, wákàtí 6 péré lóòjọ́. Ẹ jẹ́ kí táímà máa pa á. Ọwọ́ èèyàn máa ń gbàgbé.

Ní ti ike, ẹ ti kún un jù ni. Ìfófòó yíìsì ló gba inú rọ́bà wọlé. Nínú ike lítà 1.5, omi lọ́wọ́ọ́wọ́ lítà 1, ṣúgà gíráàmù 200, yíìsì ìdámẹ́rin ṣíbí tíì, bákíǹ sódà ìdajì ṣíbí tíì. Kí àyè tó ṣẹ́ kù lókè má dín ní ìbú àtẹ́lẹwọ́. Ẹ fi ike kejì tí omi wà ní ìdajì sáàárín: rọ́bà tó ń bọ̀ láti ike kìíní á rì sínú omi yẹn, èyí tó ń lọ sọ́dọ̀ ẹja á dúró lókè rẹ̀. Ibẹ̀ ni ìfófòó á kú sí, ibẹ̀ náà lẹ ó ti máa ka ìhó: ẹyọ kan ní ìṣẹ́jú-àáyá méjì ti tó fún ìbẹ̀rẹ̀. Rọ́bà dírípù tuntun láti ọ̀dọ̀ oníkẹ́míìsì dára fún un. Ẹ fi ẹnu rẹ̀ sí ibi tí fílítà ti ń fa omi, kó lè gé ìhó náà wẹ́wẹ́.

Yíìsì kì í sùn. Lóru, ewéko ò lo gáàsì mọ́, òun náà ń mí bíi ti ẹja, ìdí nìyẹn tí àwọn ẹja yín fi ń yanu. Bí iná bá ti kú, ẹ yọ rọ́bà kúrò nínú omi, kẹ́ ẹ tan ẹ̀rọ atẹ́gùn.

Ewéko Anubias ni ká fi bẹ̀rẹ̀. Létí odò ilẹ̀ wa níbí dé Kamẹrúùnù ló ti ń hù. Ẹ má rì í mọ́lẹ̀ bí ẹbu iṣu, á rà. Òwú ni kẹ́ ẹ fi dì í mọ́ òkúta. (Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má lọ já ewé nínú Igbó Ọ̀ṣun o.)

Ìbéèrè: Ike mi kì í hó ju ọjọ́ mẹ́rin lọ. Iná ọba náà ò sì dúró. Ṣé bátìrì 12V 7Ah lè gbé gílóòbù 12 wáàtì? *Òǹkàwé, Ìgbọ̀nà*

Ìdáhùn: Ooru ló ń mú yíìsì yín sáré. Ẹ dín yíìsì náà kù sí ìdajì, ẹ gbé ike sínú bùkẹ́ẹ̀tì omi nílẹ̀. Ẹ fi ọṣẹ híhó pa ìdérí. Ibi tó bá ru, ibẹ̀ ló ń jò. Ẹ má bu ṣúgà kún ògbólógbòó, ọtí inú rẹ̀ ti pa yíìsì: ẹ dà á nù.

Bátìrì yẹn kò tó. 12 × 7 jẹ́ wáàtì-wákàtí 84, gílóòbù á sì jẹ 72 nínú rẹ̀ ní wákàtí 6. Bátìrì olójé tí wọ́n ń fà gbẹ báyìí lójoojúmọ́ kì í pẹ́ kú. Ẹ ra 18Ah, kó jẹ́ gílóòbù 12V. Aago 5 ìrọ̀lẹ́ sí 11 alẹ́ dára, bó bá ti jẹ́ àkókò kan náà lójoojúmọ́. Lọ́jọ́ tí iná ò bá tàn rárá, ẹ fa rọ́bà gáàsì jáde, kó máa fẹ́ síta. Ẹ má ká a lọ́rùn, ẹ má sì dì í lẹ́nu: ike á bẹ́.