Ṣé òfin Amẹ́ríkà gba àwọn ẹlẹ́sìn láyè láti jà fún ìrànlọ́wọ́ oúnjẹ tí ìjọba ń fún àwọn aláìní?

Bẹ́ẹ̀ ni. Òfin owó orí níbẹ̀ gba ṣọ́ọ̀ṣì, mọ́ṣáláṣí àti sínágọ́gù láyè láti bá àwọn aṣòfin sọ̀rọ̀ lórí àbá òfin, bí èyí kò bá ti gba apá tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ wọn. Ohun tí ìwé òfin náà kà léèwọ̀ ni pé kí wọ́n polongo fún olùdíje nínú ìbò.

Ètò tí àwọn ẹlẹ́sìn wọ̀nyí ń dáàbò bò jù lọ ni SNAP, ètò tí ìjọba fi ń ran àwọn aláìní lọ́wọ́ láti ra oúnjẹ, tí a mọ̀ sí food stamps títí di ọdún 2008. Nínú òfin iṣẹ́ àgbẹ̀, tí àwọn aṣòfin máa ń tún ṣe ní nǹkan bí ọdún márùn-ún sí ara wọn, ni wọ́n ti sábà máa ń jiyàn lórí rẹ̀. Ní irú àkókò bẹ́ẹ̀, Bread for the World, àjọ àwọn Kristẹni, máa ń rọ àwọn ìjọ láti kọ lẹ́tà sí àwọn aṣojú wọn, àwọn ìjọ mìíràn a sì gbàdúrà sí àwọn lẹ́tà náà kí wọ́n tó fi wọ́n ránṣẹ́. MAZON, tí àwọn Júù dá sílẹ̀ ní 1985, náà ń ṣe irú iṣẹ́ yìí.

Àwọn kan ní kí ìjọba fi ọ̀rọ̀ oúnjẹ sílẹ̀ fún àwọn aláàánú. Lójú tèmi, èsì tó lágbára jù ti ọ̀dọ̀ àwọn aláàánú gan-an wá: Feeding America, tí ó so àwọn ilé ìpín-oúnjẹ pọ̀ káàkiri orílẹ̀-èdè náà, sọ pé bí àwọn bá pèsè oúnjẹ ẹyọ kan, SNAP ń pèsè mẹ́sàn-án.