Èsì: Àwo òkúta elejò àti èyí tó ní òbìrìkítí

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú ìbéèrè. Ẹ ní ṣé ìgbà kan náà ni wọ́n gbẹ́ àwo méjì tí wọ́n fi klóráìtì, òkúta rírọ̀ kan, ṣe, tí ẹ rí àwòrán wọn, èyí tí ejò àti ẹkùn ń jà lára rẹ̀, àti èyí tó ní òbìrìkítí kéékèèké pẹ̀lú àmì láàárín. Rárá o.

Pierre de Miroschedji, awalẹ̀pìtàn ará Faransé, ló pín irú wọn sí ọ̀wọ́ méjì ní 1973, látinú àwọn tí wọ́n hú jáde ní Susa, ìlú àtijọ́ kan nílẹ̀ Iran. Elejò yẹn, ọ̀wọ́ àtijọ́ ni. Òun ni mo fẹ́ràn jù. Ọnà máa ń bo gbogbo ara rẹ̀: àkekèé, igi déètì, ẹní híhun, ilé tí òkè ẹnu ọ̀nà rẹ̀ tẹ̀ kọdọrọ. Wọ́n tilẹ̀ máa ń gbẹ́ ihò sára ẹranko, kí wọ́n fi nǹkan aláwọ̀ mìíràn dí i. Ní Tepe Yahya, ibi ìwalẹ̀ kan nílẹ̀ Iran bákan náà, wọ́n rí àwọn tí wọn ò tíì gbẹ́ tán.

Olóbìrìkítí ló dé lẹ́yìn, ó sì pọ̀ ní Oman: abọ́ ẹlẹ́nu gbàràmù, ìkòkò kékeré olómorí.

Tí ẹ bá fẹ́ mọ ọ̀wọ́ tí àwo kan wà, ẹ kọ́kọ́ wo ìrísí rẹ̀ kí ẹ tó wo ọnà. Ẹ sì béèrè ibi tí wọ́n ti hú u. Ní nǹkan bí 2001, àwọn olè kó àìmọye àwo ní sàárè àtijọ́ ní Jiroft, nílẹ̀ Iran. Ó dùn mí gan-an, torí kò sẹ́ni tó lè sọ ohun tó wà nítòsí wọn nínú ilẹ̀ mọ́.