Bí kùkùté dóńgóyárò ṣe ń kú tán

Òkun o, àbúrò. O ní oṣù kẹrin lo gé dóńgóyárò inú oko kajú rẹ ní Ìsánlú, o fọ́n glyphosate, oògùn apakoríko, lé kùkùté rẹ̀ lọ́jọ́ kejì, ó sì tún rúwé. Kò lè ṣàì rú. Ó dùn mí pé kò sẹ́ni tó sọ fún ọ kó o tó náwó oògùn.

Oúnjẹ tí ewé bá sè, abẹ́ èèpo ló ń gbà sọ̀kalẹ̀ dé gbòǹgbò. Ọ̀nà yẹn ni glyphosate ń bá a rìn. Àárín kùkùté tó le yẹn ti kú tipẹ́. Oògùn tó o bá dà síbẹ̀ kò ní lọ síbì kan. Etí rẹ̀ yíká, níbi tí èèpo ti lẹ̀ mọ́ igi, ló ń mu ún, ibẹ̀ náà kì í sì í pẹ́ gbẹ. Láàárín ìṣẹ́jú 5 tó o bá gé igi náà ni kó o ti fi búrọ́ọ̀ṣì kun oògùn sí i, kó má kọjá 15. Gbá ìyẹ̀fun igi kúrò lójú rẹ̀ ná, nítorí òun ni yóò mu oògùn náà. Oògùn inú ike gan-an ni kó o lò, tàbí kó o fi omi ìwọ̀n kan náà là á. Èyí tí a pò fún koríko kò lágbára tó. Tí ojú rẹ̀ bá sì ti gbẹ, tún un gé nísàlẹ̀ díẹ̀.

Àwọn òṣìṣẹ́ ọ̀gbìn kì í sọ̀rọ̀ nípa àsìkò, “ẹ fi kún un” ni wọ́n mọ̀. Ìgbà tí òjò bá ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, oúnjẹ inú gbòǹgbò ló ń gòkè lọ fún ọ̀jẹ̀lẹ̀ ewé, kò sóhun tó ń sọ̀kalẹ̀. Oṣù kẹsàn-án sí ìkẹwàá ló dára. Tó o bá fẹ́ fọ́n oògùn sí ewé tó rú yẹn, jẹ́ kí ewé náà pọ̀ dáadáa títí di ìgbà náà, kó o wá fi bíi mílílítà 320 oògùn inú ike sínú àgbá ìfọ́noògùn olílítà 16 tí à ń gbé kọ́ ẹ̀yìn, kó o fi omi kún un. Tó o bá fi kún un jù, ewé á jóná kó tó fi oògùn ránṣẹ́ sísàlẹ̀. Omi tó mọ́ ni o. Ẹrẹ̀ inú omi odò máa ń di glyphosate mú, kò ní ṣiṣẹ́ mọ́.

Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ta paraquat, oògùn apakoríko mìíràn, fún yín. Ibi tó bá kàn nìkan ló ń jó, kì í dé gbòǹgbò, kò sì sí oògùn tó ń yọ májèlé rẹ̀ lára ẹni tó bá gbé e mì. NAFDAC ti fòfin dè é láti ìbẹ̀rẹ̀ 2024.

Kajú kékeré tí èèpo rẹ̀ ṣì tutù yọ̀yọ̀ ńkọ́? Fi nǹkan bò ó kó o tó fọ́n oògùn, nítorí èèpo tútù ń mu ún bí ewé ṣe ń mu ún.