AC mọ́tò àtijọ́ tó ń sá lọ sí gíláàsì iwájú tẹ́ẹ bá ń gun òkè: ẹ wo rọ́bà fákúùmù ẹ̀ kẹ́ẹ tó tú nǹkan kan

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o sà. Benz 230E ọdún 1983 ni bàbá wa fi sílẹ̀, èmi ni mo ń wà á lọ síbi iṣẹ́ ní Òkè-Mọ́sàn, Abẹ́òkúta, báyìí. AC ẹ̀ tutù dáadáa, àmọ́ tí mo bá ti ń gun òkè, atẹ́gùn tó ń fẹ́ sí mi lójú á kàn dákẹ́, gbogbo ẹ̀ á wá máa fẹ́ sí gíláàsì iwájú. Tí mo bá dé orí òkè tí mo gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí pẹ́dàlì iná, á tún padà. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ti rọ gáàsì sí i, ẹni tó rọ ọ́ ní òun ti fákúùmù ẹ̀ dáadáa. Mẹkáníìkì míì ní àfi kí òun tú dáṣíbọ́ọ̀dù. Ẹ jọ̀ọ́, kí ni kí n ṣe? Mi ò fẹ́ kí wọ́n ba mọ́tò bàbá mi jẹ́.

ÌDÁHÙN: Àǹtí mi, ẹ kú ìtọ́jú mọ́tò bàbá, Ọlọ́run á tẹ́ wọn sí afẹ́fẹ́ rere. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tú dáṣíbọ́ọ̀dù yẹn, ẹ má sì jẹ́ kí wọ́n rọ gáàsì kankan sí i mọ́. Ẹ̀yin náà ti fẹnu ara yín sọ ohun tó ń ṣe é: ẹ ní atẹ́gùn yẹn tutù, ibi tó ń fẹ́ sí ló ń yí padà. Iṣẹ́ gáàsì ni kó mú atẹ́gùn tutù, kò mọ nǹkan kan nípa ibi tó máa gbà jáde. Ẹ jẹ́ kí ẹni tó jókòó tì yín gbọ́wọ́ sí ẹsẹ̀ gíláàsì iwájú nígbà tẹ́ẹ bá ń gun òkè, tí ọwọ́ ẹ̀ bá tutù níbẹ̀, gáàsì yín pé, kọ̀ḿpírẹ́sọ̀ yín ń ṣiṣẹ́, owó tẹ́ẹ fi rọ gáàsì lẹ́ẹ̀mejì yẹn kò kan àìsàn náà rárá.

Ọ̀rọ̀ “fákúùmù” yìí ló dà á rú, ó sì máa ń dà á rú fún ọ̀pọ̀ èèyàn. Fákúùmù tí ẹni tó ń rọ gáàsì ń sọ ni pé ó fi ẹ̀rọ fa afẹ́fẹ́ àti omi tó wà nínú páìpù AC jáde kó tó rọ gáàsì sí i. Ó dáa, ó yẹ kó ṣe é. Àmọ́ fákúùmù tó ń dà yín láàmú kì í ṣe ìyẹn, òmíì ni, kò sí gáàsì nínú ẹ̀ rárá, fífà tí ẹ́ńjìnì ń fa atẹ́gùn lásán ni, inú àwọn rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ kan ló sì ń gbà, wọn ò ju ìka ọwọ́ tó kéré jù lọ lọ.

Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ rèé. Tí ẹ́ńjìnì bá ń lọ jẹ́jẹ́ lójú kan, ó ń fa atẹ́gùn mu, ọ̀nà sì há fún un torí ẹsẹ̀ ò sí lórí iná. Fífà yẹn le gan-an, tẹ́ẹ bá fi géèjì sí mánífóòdù (ibi tí atẹ́gùn ń gbà wọnú ẹ́ńjìnì) ẹ́ńjìnì bẹ́ntíróòlù tó dáa, ó máa ń wà láàárín 18 sí 22 lórí inch of mercury, òǹkà tí wọ́n fi ń wọn fífà, nígbà tó jẹ́ pé bíi 30 ni ibi tí kò bá sí atẹ́gùn rárá. Àwọn tó ṣe mọ́tò wò ó pé agbára ọ̀fẹ́ nìyí, wọ́n ju rọ́bà sí mánífóòdù, wọ́n fa fífà yẹn wọnú dáṣíbọ́ọ̀dù. Níbẹ̀ làwọn àgólò pẹlẹbẹ kan wà tí rọ́bà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ wà nínú wọn, dáyáfúráàmù là ń pè é. Tí fífà bá dé ọ̀dọ̀ ẹ̀, dáyáfúráàmù á fa ọ̀pá kékeré kan, ọ̀pá á ṣí ilẹ̀kùn kékeré inú dáṣíbọ́ọ̀dù, atẹ́gùn á wá fẹ́ sí yín lójú. Bọ́tìnnì tẹ́ẹ ń tẹ̀ yẹn, ńṣe ló kàn ń pín in, èyí tó yẹ kó gbà á ni ó ń fún.

Wàyí o, tẹ́ẹ bá ń gun òkè, ẹ máa tẹ iná, ẹnu ọ̀nà atẹ́gùn á ṣí gbàgà, fífà yẹn á sì wálẹ̀, tẹ́ẹ bá tẹ̀ ẹ́ dé ilẹ̀ ó lè fẹ́rẹ̀ẹ́ di òdo. Wọ́n ti rò ó tẹ́lẹ̀, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń fi fáàfù tó ń gba ọ̀nà kan ṣoṣo síbẹ̀, ọ̀pọ̀ mọ́tò tún ní ike kan tó ń tọ́jú fífà yẹn pa mọ́, kí AC lè fi gun òkè tán. Tí fáàfù yẹn ò bá wá dì í mú mọ́, tàbí tí rọ́bà kan bá ń jò, ohun tí wọ́n tọ́jú á tán láàárín ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, sípíríǹgì á dá ilẹ̀kùn padà, atẹ́gùn á gba gíláàsì lọ. Wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é bẹ́ẹ̀ nínú ọ̀pọ̀ mọ́tò ni, pé tí gbogbo ẹ̀ bá kú, ó kéré tán kí dírẹ́bà ṣì lè ríran níwájú tójò bá ń rọ̀ tí gíláàsì ń ṣú. Ẹni tó bá ń wakọ̀ lórí ilẹ̀ pẹrẹsẹ lè lo ọdún kan kó má mọ̀ pé rọ́bà ẹ̀ ń jò. Àwa tó jẹ́ pé Abẹ́òkúta là ń gbé, táa ń ti Ìbarà gun Òkè-Ìlẹ̀wó, òkè kì í jẹ́ kó pẹ́ tó fi máa hàn.

Mọ́tò yín ti lé lógójì ọdún. Nínú Benz bíi tiyín, èyí tó pọ̀ jù nínú ọ̀nà fákúùmù ẹ̀ kì í ṣe rọ́bà, páìpù ike líle tẹ́ẹ́rẹ́ ni, wọ́n fa ìlà aláwọ̀ sí wọn lára kéèyàn lè mọ èyí tó ń lọ síbì kan. Àwọn ike yẹn ń pẹ́. Rọ́bà kúkúrú tí wọ́n fi so wọ́n pọ̀ ló máa ń kú, ẹnu ẹ̀ ni wọ́n sì ti máa ń tètè kú, torí ẹnu ẹ̀ ló ń nà, òun ló sì ń la sílẹ̀. Ooru ẹ́ńjìnì á gbẹ ẹ́, òsóònù, irú gáàsì kan tó wà nínú afẹ́fẹ́, á là á, òróró tó ń fẹ́ jáde látinú ẹ́ńjìnì á sọ òmíì di rọ̀bọ̀tọ̀. Lóṣù tó kọjá, ẹnì kan gbé irú Benz yín wá láti Làfẹ́nwá, ẹjọ́ kan náà ló ń rò. Mo ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, mo fi ìka méjì tẹ rọ́bà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fáàfù ọ̀nà kan yẹn, mi ò fà á o, mo kàn tẹ̀ ẹ́, ló bá dún kẹ́, ó kán bí igi gbígbẹ, ẹ̀yìn ìka mi dúdú bí ẹni fọwọ́ kan èédú. Látòkèèrè rọ́bà yẹn ń dán o, kò sẹ́ni tó máa wò ó tó máa ní ó ti bàjẹ́. Torí ẹ̀ ni mo ṣe ń sọ fáwọn ọmọ iṣẹ́ mi pé ojú ò tó rọ́bà fákúùmù wò, ọwọ́ la fi ń wò ó, kẹ́ ẹ tẹ̀ ẹ́ lẹ́nu, kẹ́ ẹ ká a díẹ̀, kẹ́ ẹ wò bóyá ó la.

Ohun tí màá fẹ́ kẹ́ ẹ kọ́kọ́ ní kí mẹkáníìkì yín ṣe rèé, iṣẹ́ abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì nìkan ni. Kó tan ẹ́ńjìnì, kó jẹ́ kó lọ jẹ́jẹ́, kó wá rọ́bà tó kúrò ní mánífóòdù lọ sínú dáṣíbọ́ọ̀dù, kó fi aṣọ wé ẹnu pílíásì, kó fún rọ́bà yẹn pa díẹ̀. Tí ìró ẹ́ńjìnì bá yí padà, tó túbọ̀ lọ dọ́gba, ẹ̀yìn ibi tó fún pa yẹn ni jíjò wà, ẹ́ńjìnì sì ti ń mu atẹ́gùn tí kò yẹ kó mu. Mo ti rí mọ́tò tí wọ́n ti tú kábúrétọ̀ ẹ̀ ní ìgbà mẹ́ta torí pé ó ń gbọ̀n lójú kan, tó jẹ́ pé rọ́bà tí kò gùn tó ìka kan ló ń jò. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ má gbà kó fi bẹ́ntíróòlù tàbí sípíréè tó ń gbaná wọ́n ara ẹ́ńjìnì gbígbóná láti fi wá ibi tó ń jò, wọ́n máa ń ṣe é, iná ló ń dá sílẹ̀.

Lẹ́yìn náà, kó pa ẹ́ńjìnì, kọ́kọ́rọ́ ṣì wà lójú ON, kó yọ ọ̀nà fákúùmù níbi tó ti ń wọnú dáṣíbọ́ọ̀dù, kó fi pọ́ǹpù fákúùmù alápá tó ní géèjì sí i, kó fà á dé bíi 15 tàbí 20. Kó wá máa tẹ bọ́tìnnì AC níkọ̀ọ̀kan, èyí tó fẹ́ sójú, èyí tó fẹ́ sẹ́sẹ̀, èyí tó fẹ́ sí gíláàsì. Abẹ́rẹ́ géèjì á lọ díẹ̀ nígbà tó bá ń fa dáyáfúráàmù kan, ìyẹn ò burú, kó tún fà á dé ibi tó wà tẹ́lẹ̀, kó wá dúró wò ó fún ìṣẹ́jú kan. Bọ́tìnnì tí abẹ́rẹ́ ò bá ti dúró, ojú ibẹ̀ ló ń jò. Bí abẹ́rẹ́ bá dúró jẹ́ẹ́ lórí gbogbo wọn, a jẹ́ pé inú dáṣíbọ́ọ̀dù yín ò ní nǹkan kan, abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì lẹ máa wá a sí, láàárín mánífóòdù, fáàfù àti ike yẹn. Nǹkan tí wọ́n fẹ́ tú dáṣíbọ́ọ̀dù fún rèé o, ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ló sì máa gbà wọ́n láti mọ̀. Fáàfù ọ̀nà kan náà, ẹ yọ ọ́, ẹ fẹnu fẹ́ ẹ lójú méjèèjì, ojú kan ni atẹ́gùn gbọ́dọ̀ gbà. Tó bá ń gba méjèèjì, ó ti kú, mo sì rò pé ó ṣeé ṣe kí ìyẹn wà lára ohun tó ń ṣe tiyín.

Tí mẹkáníìkì yín ò bá ní pọ́ǹpù yẹn, síríńjì ńlá tí wọ́n ń tà ní kẹ́míìsì, ti 60 ml, pẹ̀lú rọ́bà kúkúrú, ó lè fi fà á kó tún rí bóyá ó ń dúró, kò ní géèjì àmọ́ ó tó láti mọ èyí tó ń jò.

Ọ̀rọ̀ pààrọ̀ wá kù. Tí ọ̀kan bá ti kán, ẹ má pààrọ̀ ọ̀kan. Ọjọ́ orí wọn dọ́gba, ooru kan náà ló ń pa wọ́n, èyí tẹ́ẹ fi sílẹ̀ lónìí ló máa kán lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ẹ pààrọ̀ gbogbo rọ́bà kúkúrú abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì pátá, àmọ́ kó jẹ́ níkọ̀ọ̀kan, kí wọ́n yọ ọ̀kan, kí wọ́n fi tuntun sí i kí wọ́n tó fọwọ́ kan èkejì, kẹ́ ẹ sì ti fi fóònù ya gbogbo ẹ̀ sílẹ̀ kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀. Wọn ò gbọ́dọ̀ fi pílíásì fa rọ́bà gbígbẹ jáde. Nígbà tí mo ṣì ń kọ́ṣẹ́, mo fà á bẹ́ẹ̀, ọmú ike tí rọ́bà wà lára ẹ̀ kán mọ́ mi lọ́wọ́, ọ̀sẹ̀ méjì ni oníbàárà fi dúró ká tó rí páàtì yẹn ní Ládípọ̀, ọjà páàtì mọ́tò ní Èkó, ó ṣì ń dùn mí dòní. Bíléèdì ni kí wọ́n fi la rọ́bà yẹn gígùn gígùn, jẹ́jẹ́, kó má ha ọmú ike lára, á jáde fúnra ẹ̀. Tí tuntun bá le láti wọlé, kí wọ́n ti ẹnu ẹ̀ bọ omi gbígbóná, tàbí kí wọ́n fi omi ọṣẹ pa á. Kì í ṣe gírísì o, gírísì ń jẹ rọ́bà.

Rọ́bà wo lẹ máa rà? Ìwọ̀n inú ihò ẹ̀ ló ṣe pàtàkì jù, kẹ́ ẹ mú èyí tẹ́ẹ yọ dání lọ sọ́jà, kó há mọ́ ọn pinpin, kí ara ẹ̀ nípọn kí fífà má baà mú un pa pọ̀. Sílíkóònù dáa fún ooru, ó ń pẹ́, àmọ́ kò fẹ́ òróró àti bẹ́ntíróòlù, torí náà níbi tó ti súnmọ́ mánífóòdù tí òróró ti ń kàn án, èmi máa ń lo rọ́bà tí òróró ò lè jẹ. Rọ́bà dírípù ọsibítù tí àwọn kan ń lò yẹn, mi ò fẹ́ rí i lára mọ́tò ẹnikẹ́ni. Ó mọ́ lójú, kò wọ́n, àmọ́ bí ẹ́ńjìnì bá ti gbóná dáadáa, á rọ̀, fífà á mú un lẹ̀ pọ̀, AC á tún máa sá lọ sí gíláàsì, ẹ ó tún máa ní kí wọ́n rọ gáàsì.

Rọ́bà ńlá tó lọ síbi bíréèkì náà ń lo fífà yẹn, ẹ yẹ̀ ẹ́ wò lọ́jọ́ kan náà. Òun ò gba àdábọwọ́ rárá, èyí tí wọ́n ṣe fún bíréèkì nìkan ni kẹ́ ẹ rà, torí tó bá já, pẹ́dàlì bíréèkì á le bí òkúta lẹ́sẹ̀ yín. Tí ilẹ̀kùn mọ́tò yín bá sì jẹ́ èyí tó ń ti gbogbo ẹ̀ pa lẹ́ẹ̀kan náà, fákúùmù kan náà ló ń ṣe é, jíjò láti ibẹ̀ lè fa AC yín wálẹ̀, tí ẹ bá ń gbọ́ “ṣíìì” nínú ilẹ̀kùn lẹ́yìn tẹ́ẹ tì í, ẹ sọ fún mẹkáníìkì. Ẹni tó bá ní Benz oní-dísù irú ọjọ́ orí yẹn, tó yí kọ́kọ́rọ́ tí ẹ́ńjìnì ò kú, kó lọ wá ìyẹn náà wò, fákúùmù ló ń pa á. Tí mọ́tò bá sì ń pẹ́ níta láìlọ, ẹ wo eku, wọ́n fẹ́ràn rọ́bà yìí ju ẹ̀pà lọ.

Tí wọ́n bá ṣe tán, ẹ dán an wò kẹ́ ẹ tó sanwó. Ẹ jẹ́ kí ẹ́ńjìnì ṣiṣẹ́ fún ìṣẹ́jú méjì, ẹ pa á, ẹ dá kọ́kọ́rọ́ padà sí ON, ẹ jẹ́ kí fáànù máa fẹ́, ẹ má tẹ bọ́tìnnì kankan, ẹ gbọ́wọ́ síwájú ihò AC àárín. Tó bá ṣì ń fẹ́ sí yín lójú lẹ́yìn ìṣẹ́jú kan pẹ̀lú pé ẹ́ńjìnì ti kú, fáàfù àti rọ́bà yín ti ń dì í mú. Lẹ́yìn náà kí mẹkáníìkì jókòó tì yín, kẹ́ ẹ jọ gun òkè tẹ́ẹ máa ń gùn lọ síbi iṣẹ́ yẹn.