Bàálù kékeré àbí RV ńlá: ìdáhùn ẹni tó ti ra méjèèjì

Àbúrò, mo ka ìbéèrè rẹ dáadáa. O ní ìwọ àti ìyàwó rẹ ti tu owó jọ ní Dallas, ẹ lọ wo RV aláràbarà kan, ọkọ̀ ńlá tí ènìyàn lè sùn kó sì dáná nínú rẹ̀, nígbà tí wọ́n sì dárúkọ iye rẹ̀, ẹ rí i pé ó lè ra bàálù oníjókòó mẹ́rin tó ti pẹ́, kó sì tún ṣẹ́ kù. O wá ní kí àwa tá a ti dàgbà díẹ̀ sọ èyí tó máa pé yín. Mo ti ní Cessna 172, bàálù kékeré oníjókòó mẹ́rin, rí, mo sì ní RV oní-dísù tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ wà lẹ́yìn, èyí tó ṣì wà níta ilé mi ní Houston báyìí. Owó ló ń dà yín láàmú, mo mọ̀. Àmọ́ owó kọ́ ló ya àwọn méjèèjì sọ́tọ̀. RV á gba owó lọ́wọ́ rẹ. Bàálù á gba owó, á sì tún gba ìwọ fúnra rẹ.

Ẹ jẹ́ ká tiẹ̀ kọ́kọ́ sọ ti owó. RV ńlá tuntun, irú èyí tí wọ́n ń ṣe ní Red Bay ní Alabama tàbí Nappanee ní Indiana, lè ju ìdajì mílíọ̀nù dọ́là lọ. Èyí tí wọ́n bá kọ́ sórí Prevost, bọ́ọ̀sì àwọn ará Kánádà, ń lé ní mílíọ̀nù méjì. Cessna 172 tuntun náà ti kọjá 400,000. Ṣùgbọ́n irú wa kì í ra 172 tuntun. Láti 1956 ni wọ́n ti ń tà á, wọ́n ti ṣe ju 44,000 lọ, púpọ̀ nínú èyí tí à ń rà lọ́wọ́ ara wa ló sì ti wà kí 1986 tó dé, ọdún tí ilé-iṣẹ́ náà pa ṣíṣe rẹ̀ tì nítorí ẹjọ́ tí wọ́n ń pè wọ́n lórí bàálù àtijọ́. Òfin kan jáde ní 1994 pé bí bàálù kékeré bá ti lé ní ọdún 18, wọn ò lè tìtorí rẹ̀ pe ẹni tó ṣe é lẹ́jọ́ mọ́, ní 1996 wọ́n sì padà sẹ́nu iṣẹ́. Nítorí náà, bàálù tó o máa rà lè dàgbà jù ọ́ lọ, owó rẹ̀ ò sì ní tìtorí ìyẹn já wálẹ̀. Iye tí mo ta tèmi ju iye tí mo rà á lọ. RV ò mọ irú ẹ̀. Bó o bá ti ń wà á kúrò lọ́gbà ẹni tó tà á fún ọ ni owó rẹ̀ ti ń yọ́.

Ibi kan tí RV ti borí nìyí: bó bá ní ibi ìsùn, ibi ìdáná àti ilé ìgbọ̀nsẹ̀, IRS, àwọn agbowó-orí ìjọba àpapọ̀, lè kà á sí ilé kejì, èlé orí gbèsè rẹ̀ sì lè wà lára ohun tí wọ́n máa yọ kúrò kí wọ́n tó ṣírò owó-orí rẹ. Bàálù tèmi ò ní ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Ìyàwó mi ò sì jẹ́ kí n gbàgbé.

Ẹni tó bá ra ẹṣin ti ra koríko mọ́ ọn. Háńgà, ilé tí bàálù ń sùn sí, wà níbẹ̀, ìnṣọ́ránsì wà níbẹ̀, àyẹ̀wò ọdọọdún sì wà níbẹ̀, èyí tí kì í ṣe mẹkáníìkì lásán ló lè fọwọ́ sí i. Dandan ni láàárín oṣù 12, bó o fò ó, bí o kò fò ó. Mo máa ń dúró ti ọkùnrin tó ń ṣe tèmi. Ó máa gé fílítà ọ́ìlì, ó máa fa bébà inú rẹ̀ yọ, ó máa tẹ́ ẹ gbọọrọ sórí tábìlì lábẹ́ iná, ó sì máa fi máńgínẹ́ẹ̀tì rìn ín láti ìpẹ̀kun dé ìpẹ̀kun, bóyá ìyẹ̀fun irin máa lẹ̀ mọ́ ọn. Èmi ò ní lè mí kó tó gbórí sókè. Bí irin bá pọ̀ níbẹ̀, ẹ́ńjìnnì ti ń jẹ ara rẹ̀ nìyẹn. Lycoming, ilé-iṣẹ́ tó ṣe ẹ́ńjìnnì náà, sọ pé wákàtí 2,000 tàbí ọdún 12 ni kí wọ́n tú u palẹ̀ tún ṣe, èyíkéyìí tó bá kọ́kọ́ pé, owó iṣẹ́ náà sì ti lé ní 30,000 dọ́là báyìí. Lẹ́yìn èyí ni àwọn àṣẹ FAA, àjọ ìjọba tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ bàálù ní Amẹ́ríkà. Ọ̀kan wà tó jẹ́ ti irin tí àga ń rìn lórí rẹ̀ nínú Cessna: àga páílọ́ọ̀tì ti yẹ̀ sẹ́yìn rí nígbà tí bàálù ń gbéra, páílọ́ọ̀tì di ọwọ́ ìtọ́kọ̀ mú kó má baà ṣubú, imú bàálù lọ sókè, ó parí. Látìgbà náà, dandan ni wíwọn ihò irin náà.

Àmọ́ gbogbo èyí, owó ṣì ni. Ìwọ fúnra rẹ wá ńkọ́? Láti gba láísẹ́nsì, òfin ní wákàtí 40 ó kéré tán, ọ̀pọ̀ ènìyàn ló sì ń kọjá rẹ̀ dáadáa. Bó o bá gbà á tán, ní oṣù 24 sí oṣù 24, olùkọ́ gbọ́dọ̀ bá ọ fò kó tún fọwọ́ sí ìwé rẹ. Bí o kò bá tíì gbéra kó o sì balẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta láàárín 90 ọjọ́, o ò gbọ́dọ̀ gbé ẹnikẹ́ni. Ìwé dókítà náà ń bẹ. Ohun tí òfin béèrè ò sì tó rárá. Ọwọ́ tó ti pa bàálù tì fún oṣù méjì ti le, ojú ti gbàgbé, afẹ́fẹ́ tó ń fẹ́ láti ẹ̀gbẹ́ ò sì ní tìtorí ẹ rọ̀. O kọ ọ́ fúnra rẹ pé iṣẹ́ alẹ́ lò ń ṣe ní ilé ìwòsàn, pé o tún ń gba overtime. Ọjọ́ wo lo fẹ́ fò? Lẹ́yìn iṣẹ́ alẹ́ mẹ́ta léra? Mi ò gbà fún ọ.

Ti RV yàtọ̀. Ní Texas níbí, bí ìwọ̀n rẹ̀ bá ju 26,000 páùn lọ, wàá ṣe ìdánwò fún láísẹ́nsì Class B tí kì í ṣe ti oníṣòwò. Bíréèkì rẹ̀ oní-afẹ́fẹ́ ni bíi ti tírélà, ìdí rẹ̀ sì máa ń gbá síta bó o bá ń yà. Bó o bá kọ́ ọ tán, ó di tìrẹ. O lè pa á tì fún oṣù mẹ́fà kó o tún padà wà á, ẹ̀rù lè bà ọ́ díẹ̀, ṣùgbọ́n wàá rí ibi páàkì sí ẹ̀gbẹ́ títì kó o sì sinmi. Kò sí ẹ̀gbẹ́ títì lókè.

Ó tún ku ọ̀rọ̀ ẹrù, èyí tí àwọn tó ń ta bàálù kì í sọ. Oníjókòó mẹ́rin ni wọ́n ń pè é. Tèmi lè gbé bí 850 páùn. Epo kíkún, 40 gálọ́ọ̀nù, páùn mẹ́fà sí gálọ́ọ̀nù kan: 240 ti lọ. Ó ku 610 fún ènìyàn àti báàgì, ẹrù ẹ̀yìn ò sì gbọ́dọ̀ ju 120 lọ. Àgbàlagbà mẹ́rin tó ń jẹ iyán kò lè bá epo kíkún lọ nínú ẹ̀. Ìyẹn ni pé dandan ni kó o béèrè ìwọ̀n gbogbo ẹni tó bá fẹ́ wọlé. Mo béèrè lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n ìyá ìyàwó mi tó wá kí wa láti Ìbàdàn. Mo kúnlẹ̀ kí n tó béèrè o. Wọ́n wò mí látòkè délẹ̀, wọ́n ní, "Ṣé ẹran ni mo wá dà sí yín lọ́wọ́ tẹ́ ẹ fi fẹ́ wọ̀n mí?" Níkẹyìn, wọ́n dá iye kan. Mo fi 30 lé e nínú ọkàn mi, mo dín epo kù, mo sì pinnu pé a ó balẹ̀ ra epo lójú ọ̀nà. Àpótí gèlè wọn ni kò lè wọlé rárá.

O béèrè nípa òde àríyá ní Atlanta. Láti Houston, nǹkan bí 800 máìlì ni lórí títì. RV mi ń jẹ bíi gálọ́ọ̀nù kan sí máìlì mẹ́jọ, ìyẹn 100 gálọ́ọ̀nù dísù ní àlọ nìkan, ọjọ́ méjì la sì fi ń lọ nítorí a kì í sáré. Bàálù ń gba òkè tààrà, bíi 690 máìlì, wákàtí mẹ́fà tàbí jù bẹ́ẹ̀ díẹ̀, epo rẹ̀ ò sì ju ìdajì ti RV lọ. Ẹnu á yà ọ́, àbí? Ó ya èmi náà. Ṣùgbọ́n ohun tó o ń rà ni "bí ojú ọjọ́ bá gbà." Láàárín Texas sí Georgia nígbà ooru, ààrá máa ń tò bí ògiri láti ọ̀sán, ọmọ ènìyàn kì í sì í fi Cessna wọ inú ẹ̀. A ti balẹ̀ rí ní pápá kékeré kan ní Mississippi, a wà níbẹ̀ ní gbogbo Sátidé, wọ́n sì yá wa ní mọ́tò àtijọ́ tí wọ́n ń pa mọ́ fún àwọn páílọ́ọ̀tì, a fi lọ wá adìẹ díndín jẹ pẹ̀lú aṣọ ẹbí lọ́rùn. Orí fóònù la ti wo ìgbà tí wọ́n ń ná owó fún ìyàwó. Àwọn tó wa ọkọ̀ lọ ti débẹ̀ ní alẹ́ Fráídè.

Má rò pé mo ń polówó RV fún ọ. Ilé tó ń mì tìtì lójoojúmọ́ lórí títì ni, ohun gbogbo inú ẹ̀ ló ń tú. Kó o tó wo kìchínì rẹ̀, gun òrùlé lọ wo gọ́ọ̀mù tó wà nídìí ẹ́ésì àti fèrèsé òkè. Lẹ́yìn náà, fi àtàǹpàkò tẹ ògiri ní igun slide, ìyẹn apá yàrá tó ń yọ síta bí ẹ bá ti páàkì. Bó bá rọ̀ sínú, omi ti ń jẹ pákó látijọ́, kí o dìde kó o máa lọ. Bó bá bàjẹ́, ilé àtúnṣe lè jókòó lé e. Ibì kan tí mi ò ní dárúkọ gba tèmi lọ́wọ́ mi nítorí mọ́tò slide, gbogbo ìgbà ooru ló fi wà lọ́gbà wọn, bí mo bá pè, wọ́n á ní páàtì ń bọ̀. Ti dída ìdọ̀tí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ nù, ra ibọ̀wọ́ tó nípọn, kò sí àlàyé mìíràn.

Nítorí náà, ìdáhùn mi: bí ọmọ rẹ mẹ́ta àti màmá tó ń bọ̀ láti ilé bá jẹ́ ara ètò yín, ẹ ra RV, àlòkù tó ti tó ọdún márùn-ún tàbí jù bẹ́ẹ̀, tí ẹlòmíràn ti ru òfò àkọ́kọ́ rẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ yá ọ̀kan fún ọ̀sẹ̀ kan nínú oṣù Júlàì tí àwọn ọmọ bá wà nílé. Bó bá jẹ́ pé fífò gan-an ló ń pè ọ́, tó jẹ́ pé bó o bá gbọ́ ìró bàálù, ọrùn rẹ á yí sókè, lọ gba ẹ̀kọ́ ní ẹgbẹ́ tí àwọn ènìyàn ti jọ ní bàálù kan, bí èmi náà ṣe ń ṣe báyìí. Wákàtí tó o fò nìkan lò ń san, yàtọ̀ sí owó oṣù díẹ̀. Àárọ̀ kùtùkùtù ni mo máa ń lọ. Màá fa epo díẹ̀ sínú ife láti ìsàlẹ̀ ìyẹ́, màá gbé e sí ìmọ́lẹ̀ wò, aró wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ ni àwọ̀ rẹ̀, bí omi bá wà nínú ẹ̀, á rọ́ sísàlẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, kò sí ẹni tó ń pè mí fún wákàtí kan gbáko. RV ò lè fún mi ní ìyẹn láéláé.

Èyí tí ẹ lọ wò yẹn, o ní táyà rẹ̀ ń dán bí tuntun. Má wo dídán. Táyà RV kì í jẹ tán, ọjọ́ orí ló ń pa á, bó bá sì ti tó ọdún méje, mi ò gbára lé e mọ́, pàápàá àwọn tiwájú. Bẹ̀rẹ̀ wo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ níbi tí wọ́n kọ DOT sí, nọ́ńbà mẹ́rin tó gbẹ̀yìn: bó bá jẹ́ 2316, ọ̀sẹ̀ 23 nínú ọdún 2016 ni wọ́n ṣe é. Nígbà mìíràn, inú ni wọ́n kọjú ẹ̀ sí, wàá ní láti fi tọ́ọ̀ṣì wọ abẹ́ ọkọ̀. Ya fọ́tò gbogbo mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, fi ránṣẹ́ sí mi kó o tó san owó kankan.