"Kò Ní Májèlé" Tí Wọ́n Kọ Sára Páálí Rẹ́sìnì Ọmọdé

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, Nọ́ọ̀sì. Àbúrò mi tó wà ní Èkó fi páálí kan ránṣẹ́ sí ọmọ mi obìnrin, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án. Rẹ́sìnì, olómi tó máa ń gbẹ di líle, tí wọ́n fi ń ṣe yẹtí àti kíhódà, ló wà nínú rẹ̀. Wọ́n kọ ọ́ sára páálí pé ọmọ ọdún 8 lè lò ó, pé kò ní májèlé. Aládùúgbò wa ní kí n ṣáà ṣí fèrèsé. Ọmọ náà kò jẹ́ kí n sinmi. Ṣé kí n fún un? (Ìyá Tọ́miwá, Sábó, Ògbómọ̀ṣọ́)

ÌDÁHÙN: Ìyá Tọ́miwá, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ. Ẹ má fún un. Bí ẹ bá máa lò ó rárá, ẹ̀yin ni kí ẹ pò ó, ẹ̀yin náà ni kí ẹ dà á.

Yẹtí tó ti gbẹ tán, tó le koránkorán, ni ọ̀rọ̀ "kò ní májèlé" yẹn bá mu. Olómi tó wà nínú ìgò kọ́. Ẹ ṣí páálí náà wò. Bí ìgò bá jẹ́ méjì, ọ̀kan ni rẹ́sìnì, èkejì ni hádínà, bíi Araldite tí a máa ń pò pọ̀ láti fi lẹ nǹkan. Hádínà máa ń jó awọ ara. Rẹ́sìnì gan-an kì í sábà dun èèyàn lójú ẹsẹ̀, ìdí nìyẹn tí mo fi ń bẹ̀rù rẹ̀ jù. Ẹ lè fọwọ́ kàn án lẹ́ẹ̀mẹwàá kó má ṣe yín ní nǹkan kan, lẹ́yìn náà ni ara á kọ̀ ọ́ lójijì. Bí ara bá sì ti kọ̀ ọ́, kì í sábà gbà á mọ́ títí ayé.

Ọmọbìnrin kan tó ń fi rẹ́sìnì ṣe kíhódà tà wá sọ́dọ̀ wa. Àwọn ọmọ ìka rẹ̀ ti sán, ìléròrò kéékèèké tò sí ẹ̀gbẹ́ wọn, ìpéǹpéjú rẹ̀ méjèèjì sì wú. Ó ní òun kò fi rẹ́sìnì kan ojú òun rí. Òótọ́ ló sọ: ohun tó ń fẹ́ jáde látinú rẹ̀ ti tó fún ojú. Àgbàlagbà nìyẹn o.

Bí ìgò bá jẹ́ ẹyọ kan, pẹ̀lú iná kékeré tó ń tàn bíi elésè àlùkò, irú mìíràn nìyẹn. Ìbátan gẹ́ẹ̀lì tí wọ́n ń fi ṣe èékánná ni, àti ohun funfun tí dókítà eyín fi ń dí ihò eyín. Ọmọ tí ara rẹ̀ bá kọ irú èyí ní ọdún mẹ́sàn-án lè rí ìyọnu rẹ̀ lórí àga dókítà eyín tó bá dàgbà. Òkè rẹ̀ tún máa ń yára le nígbà tí inú ṣì tutù, pàápàá tí àwọ̀ bá pọ̀ nínú rẹ̀, ọmọ á sì fi kọ́ etí.

Ẹ yí ìgò náà padà. Ní Yúróòpù, òfin ní kí wọ́n kọ ọ́ sára irú rẹ́sìnì ìgò méjì yìí pé ara lè kọ̀ ọ́. Ẹ wá àmì onígun mẹ́rin tí etí rẹ̀ pupa: àmì ìyanu (!) nínú rẹ̀, tàbí ọwọ́ tí omi kán sí lára tó ń jẹ ẹ́. Bí ẹ bá rí i, ẹ gba ti ìgò gbọ́ ju ti páálí lọ. Bí kò bá sí orúkọ ẹni tó ṣe é rárá, ẹ dá a padà.

Fèrèsé dára, ṣùgbọ́n fèrèsé kì í bọ ọwọ́. Rẹ́sìnì máa ń gba inú ìbọ̀wọ́ funfun tí wọ́n ń tà ní kẹ́mísì kọjá, ìbọ̀wọ́ náílọ́ọ̀nù inú páálí kò sì ṣe é gbára lé. Nítráìlì ni kí ẹ béèrè, èyí tó sábà máa ń jẹ́ búlúù. Ìbomú tí a lò nígbà Kòrónà kò lè dá èéfín kẹ́míkà dúró. Ẹ má pò ó kún ife o. Bó bá pọ̀ lójú kan, ó máa ń gbóná fúnra rẹ̀ débi tí ife ọlọ́rá á fi yọ́, ooru ẹ̀ẹ̀rùn wa níbí á tún kún un.

Tí ó bá kan ara, ọṣẹ àti omi ni. Ẹ má fi kẹrosíìnì tàbí ohun tí wọ́n fi ń nu èékánná nù ún, ṣe ni wọ́n á tì í wọ awọ. Tí ó bá ta sójú, omi tó ń ṣàn fún ìṣẹ́jú 15, kí ẹ tó gba ilé ìwòsàn lọ. Tí ọmọ bá gbé e mì, mo bẹ̀ yín, ẹ má fún un ní epo pupa, ẹ má sì jẹ́ kó bì. Ẹ gbé òun àti ìgò náà lọ sí ilé ìwòsàn LAUTECH tàbí Bowen, èyí tó bá sún mọ́ yín.

Iṣẹ́ wà fún Tọ́miwá níbẹ̀ náà. Òun ni kó ṣa òdòdó gbígbẹ àti ìlẹ̀kẹ̀, kó tò wọ́n sínú mọ́ọ̀dù tí ẹ máa da rẹ́sìnì sí, kó sì jáde. Ẹ̀yin ẹ dà á, ẹ gbé e sókè níbi tí ọwọ́ rẹ̀ kò dé fún ọjọ́ mẹ́ta. Ẹ má jẹ́ kí ó fi sandipépà ha á, eruku rẹ̀ kò dára fún ẹ̀dọ̀fóró.

Tó bá sì ti jẹ́ pé ó ti fi ọwọ́ kàn án kí ẹ tó kọ̀wé sí mi, ẹ wo àárín àwọn ọmọ ìka rẹ̀ àti ìpéǹpéjú rẹ̀ lójoojúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì. Tí ẹ bá rí pupa tàbí tó bá ń yún un, ẹ mú un wá, kí ẹ sì mú ìgò náà dání.