Ìbéèrè Yín, Ìdáhùn Wa: Kí ni ioctl ń wá nídìí fáìlì mi?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ní prógíráàmù C kan lórí Linux tó ń ka owo.csv. Tí mo bá fọwọ́ ara mi pè é ní terminal, ó ń ṣiṣẹ́ dáadáa. Tí cron, ètò tó ń pe prógíráàmù fúnra rẹ̀ ní àkókò tí a yàn, bá pè é lóru, “Inappropriate ioctl for device” ni mo ń bá nínú fáìlì log. Kóòdù rẹ̀ rèé:

FILE *f = fopen("owo.csv", "r");
if (f == NULL) {
    if (isatty(2)) fputs("\033[31m", stderr);
    perror("owo.csv");
    exit(1);
}

ÌDÁHÙN: Fáìlì yín kò mọwọ́ kò mẹsẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ ioctl (ìpè tí prógíráàmù fi ń darí ẹ̀rọ) yìí. isatty ni kí ẹ mú.

Nígbà tí fopen kùnà, ó kọ nọ́ńbà ìdí rẹ̀ sínú errno. Pátákó kan ṣoṣo ni errno: ẹni tó bá kọ̀wé kẹ́yìn ti pa ti ẹni ìṣáájú rẹ́. isatty ń béèrè bóyá terminal ni 2, ìyẹn stderr, ọ̀nà tí ọ̀rọ̀ àṣìṣe ń gbà jáde. Lábẹ́ cron, fáìlì log ni, nítorí náà ó dáhùn pé rárá, ó sì kọ ENOTTY, ìyẹn 25 lórí Linux, lé ohun tí fopen kọ. Nígbà tí perror, tó ń sọ nọ́ńbà inú errno di ọ̀rọ̀, fi dé, 25 ló bá níbẹ̀, ó sì tẹ ọ̀rọ̀ rẹ̀ jáde: “Inappropriate ioctl for device”. Àwọ̀ pupa lásán (\033[31m yẹn) ló fa gbogbo wàhálà yìí!

Ẹ tọ́jú nọ́ńbà náà kí ẹ tó pe ohunkóhun mìíràn:

int e = errno;

Lẹ́yìn náà, dípò perror, ẹ lo strerror, tó ń sọ nọ́ńbà tí ẹ bá fún un di ọ̀rọ̀:

fprintf(stderr, "owo.csv: %s\n", strerror(e));

Ẹ fi errno.h àti string.h kún un lókè. Ó ṣeé ṣe kí ẹ wá rí “No such file or directory”, ENOENT, tí í ṣe 2, torí pé inú fódà home ni cron ti ń bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe fódà tí ẹ̀yin máa ń dúró sí. Ẹ kọ ọ̀nà fáìlì náà tán láti orí / wá. Bó bá jẹ́ 13 ni, EACCES, ẹ wo àṣẹ fáìlì àti orúkọ ẹni tí cron fi ń ṣiṣẹ́.

Ẹ má sì fi errno mọ̀ bóyá nǹkan kùnà o. Àṣeyọrí kì í sọ ọ́ di 0. Ohun tí fọ́ńṣọ̀n dá padà ni kí ẹ kọ́kọ́ wò.

ÌBÉÈRÈ: pthread_create, tó ń dá thread tuntun sílẹ̀, kọ̀, perror ní “Success”. Ṣé ó ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ ni?

ÌDÁHÙN: pthread_create kì í kọ nǹkan sí errno; ó ń dá nọ́ńbà àṣìṣe padà fúnra rẹ̀ ni. Ẹ gbà á sínú r, bí kò bá ti jẹ́ 0, ẹ tẹ strerror(r) jáde.